Ẹni Tí Kò Sùn Kò Mọ Wẹ́sìdeè

"Túsìdeè ni."

"Wẹ́sìdeè ni, ọmọ mi."

"Bàbá, mo ní Túsìdeè ni."

"Èmi náà ní Wẹ́sìdeè ni. Kàlẹ́ńdà gàgàrà tó wà lára ògiri yẹn, ṣé fún ẹ̀ṣọ́ la ṣe gbé e kọ́ ni?"

Ẹyẹ ò wo kàlẹ́ńdà. Ẹyin sísè kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń bó. Ó bó o tán, ó ju ẹyin sínú ike ìdọ̀tí, ó kó èèpo sínú àwo, ó sì wọ́n iyọ̀ sí i dáadáa.

"Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀," ó ní. "Ọjọ́ wo ni mo jáde nílé yìí?"

"Mọ́ńdè."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti sùn láti Mọ́ńdè?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ṣé èmi ni ìrọ̀rí ẹ?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ní òtẹ́ẹ̀lì, lọ́sàn-án gangan, wákàtí méjì àtààbọ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn tó jí mi. Téèyàn bá sùn, tó bá jí, ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. Mọ́ńdè, oorun kan, Túsìdeè. Kí ló wá le ńbẹ̀?"

"Ọjọ́ mẹ́ta lèmi máa ń wa lọ́rì láì fojú kan oorun. Tó bá jẹ́ ìṣírò tìẹ la fẹ́ lò, a jẹ́ pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ṣì ni mí. Ẹ wá ìyàwó fún mi nígbà náà."

Bàbá àtọmọ ni wọ́n. Bàbá ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Má-Sùn, torí ohun tó kọ síwájú lọ́rì ẹ̀ nìyẹn nígbà tó ń wà á, lẹ́tà pupa gàdàgbà. Ọmọ ni wọ́n ń pè ní Ẹyẹ, torí bàálù ló ń wà, ọdún kẹrìnlá rèé. Lọ́rì ti di ìtàn, àmọ́ ẹnu Baba ò tíì gbà pé òun ti sọ̀kalẹ̀.

Ìyàwó Ẹyẹ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́bàá fèrèsé, ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọléèwé, kọ́là funfun mọ́kànlá ló tò sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ó ti ń gbọ́ Túsìdeè Wẹ́sìdeè yìí láti ìgbà tó wà lórí kọ́là kejì.

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ ń jà lé lórí yìí," ó ní, kò gbójú sókè, "tẹ́ ẹ bá rí i, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni? Dádì, dìde kó o lọ sùn."

"Ibo ni mo ti fẹ́ sùn?"

Ìbéèrè gidi ni. Ní òdìkejì títì, àwọn káfíńtà mẹ́rin ń kan páànù òrùlé tuntun, láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Fèrèsé yàrá Ẹyẹ ló kọjú sí wọn. Ó ti gbìyànjú ẹ̀. Ó ti fi ìrọ̀rí bo etí, ó ti fi aṣọ wé orí bí ẹni tí eyín ń dùn. Gbogbo ìgbà tí òòlù bá dún lórí páànù, ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa kàn án mọ́. Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ló bọ́ sí pálọ̀, ó sì sùn lọ sórí àga ìjẹun, pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu.

Ìyàwó ẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró, ó wò ó. Ojú Ẹyẹ là sílẹ̀, àmọ́ kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Dádì, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Ó pé."

"Ṣé ìwọ lo gbé ilé yìí lérí?"

"Ó pé."

Obìnrin náà mi orí. Ó mọ "ó pé" yìí bó ṣe mọ abẹ́rẹ́ ẹ̀. Kí bàálù tó gbéra, awakọ̀ méjì ló máa ń jókòó síwájú. Ọ̀kan á máa ka ìwé: epo, ilẹ̀kùn, táyà, iná. Èkejì á fọwọ́ kan nǹkan náà, á ní ó pé. Ọdún mẹ́rìnlá ni Ẹyẹ ti ń dáhùn bẹ́ẹ̀, títí tí ìdáhùn náà fi kúrò lórí, tó lọ ń gbé lẹ́nu. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́ dé ojú ẹ̀, ohun yòówù téèyàn bá bi í, ó pé ni. Ọmọbìnrin wọn tó wà ní kíláàsì kẹta ti fi ọgbọ́n yẹn gba bisikíìtì odindi páálí kan lọ́wọ́ ẹ̀. "Dádì, ṣé kí n jẹ ẹ́ tán?" Ó pé. Ọmọ jẹ ẹ́ tán, inú run ún, wọ́n ní ta ló gbà á láyè. Ẹyẹ búra pé òun kọ́.

Fóònù dún. Ìyàwó ló gbé e, ó tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ síta, torí ọwọ́ ẹ̀ kún fún aṣọ.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ohùn obìnrin kan ní. "Láti ilé-iṣẹ́ bàálù ni o. Mo kàn ní kí n rán ọ̀gá létí ni. Mọ́tò máa dé ẹnu ọ̀nà yín láago kan. Bàálù aago mẹ́ta, èrò àádọ́jọ ó lé mẹ́rin."

"Èwo ni bàálù aago mẹ́ta? Aago mẹ́rin ìdájí òní lọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Aago mẹ́rin sí aago méjì tí iṣẹ́ wọn máa bẹ̀rẹ̀, wákàtí mẹ́wàá nìyẹn. Wọ́n á ti sinmi tán."

"Ìsinmi wo? Aago márùn-ún ló tó kọ ìwé yín tán. Ó dúró de mọ́tò yín títí di aago mẹ́fà. Aago méje ló wọlé. Ṣé ìdúró de mọ́tò náà ni ìsinmi?"

"Tí táyà bá ti dúró, ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn mà. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn."

"Wákàtí méjìlá ló wà nínú ìwé. Mo ti rí ìwé yẹn. Abẹ́ ìrọ̀rí wa ló wà."

"Òótọ́ ni mà, méjìlá ni. Àfi tí awakọ̀ bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ara òun dá, pé ká gé e sí mẹ́wàá. Ọ̀gá sì ti gbà. Aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú la bá wọn sọ̀rọ̀. Ohùn wọn wà lórí ẹ̀rọ wa."

Ẹyẹ gbọ́ ìyẹn. Ó jí dáadáa. "Èmi kẹ̀? Mi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n fi sí i kẹ́ ẹ gbọ́ sà."

Nǹkan dún kẹ́ẹ́. Ohùn obìnrin náà tún jáde, "Ẹ káàárọ̀ sà." Lẹ́yìn ẹ̀, ohùn mìíràn, ohùn tó rí bíi lọ́rì tí sálẹ́ńsà ẹ̀ ti já: "Ẹ dúró, ẹ dúró, mò ń gbé e sí i létí. Ẹ̀n. Ó ń gbọ́ yín. Ẹ máa sọ ọ́ lọ."

Baba Má-Sùn tẹjú mọ́ tíì tó wà nínú ife ẹ̀, bíi pé ó ju nǹkan síbẹ̀ lánàá tó ń wá a.

"Ṣé ara le sà?"

"Ó pé."

"Ṣé ẹ ti sinmi?"

"Ó pé."

"Ṣé ẹ gbà ká gé ìsinmi yín sí wákàtí mẹ́wàá?"

"Ó pé."

"Ṣé ẹ ti mu ọtí láàárín wákàtí mẹ́jọ sẹ́yìn?"

"Ó pé."

"Ẹ ṣeun sà. Ó dàbọ̀." Kẹ́ẹ́.

Àwọn káfíńtà nìkan ló ń bá iṣẹ́ lọ.

"Ẹ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn?" ìyàwó ní. "Ó ní òun ti mu ọtí. Ọkọ mi tí kì í mu ọtí àyàfi tí wọ́n bá fi ń nu ojú ọgbẹ́ ẹ̀. Ẹ dẹ̀ ní ẹ ṣeun sà."

Obìnrin orí fóònù ló fèsì. "Mà, kò sẹ́ni tó máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè yẹn. Nítorí ẹ̀ ni a kì í fi í tẹ́tí sí i." Ó wá yán, gígùn, títí ohùn ẹ̀ fi yí padà. "Ẹ má bínú mà. Láti alẹ́ àná ni mo ti wà lórí àga yìí."

"Ẹ pe ẹlòmíì."

"Ẹni tó ni ín ló ń ṣàìsàn. Tí ọ̀gá bá ní ó rẹ àwọn, fọ́ọ̀mù àárẹ̀ wà. Kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí i."

"Rárá," Ẹyẹ ní kíákíá. "Mi ò kọ fọ́ọ̀mù kankan. Mo máa wá."

Fóònù kú. Ìyàwó ẹ̀ yíjú sí i.

"Kí ló dé tí o ò kọ ọ́?"

"Gàgà kọ ọ́."

Gàgà lọ̀rẹ́ ẹ̀, awakọ̀ bíi tiẹ̀. Ó kọ fọ́ọ̀mù yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé ó rẹ òun. Wọ́n kí i kú ìṣe. Wọ́n ní olóòótọ́ ni, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ sínú ìwé ilé-iṣẹ́. Wọ́n wá ní kó lọ sinmi ní ilé ẹrù, kó máa ka bẹ́líìtì ìjókòó. Ó ti ń kà á láti oṣù méje. Tó bá kà á tán, wọ́n á ní kó tún un kà, bóyá èyí tó fojú fo kan wà níbẹ̀. Wọ́n ní tó bá rí èèyàn lójú títì báyìí, ìbàdí onítọ̀hún ló kọ́kọ́ máa ń wò.

"Bẹ́líìtì tí Gàgà ń kà, kò sí èyí tó máa já láti òkè," ìyàwó ní.

"Kí ni kí n wá máa fi ṣe ọkùnrin?"

"Máa fi ẹ̀mí ṣe é."

"Ìwọ ò lóye ẹ̀."

"Bàbá." Ó ti fi Ẹyẹ sílẹ̀. Ohùn ẹ̀ rọlẹ̀, ìyẹn ló burú. "Ẹ̀yin lẹ gbé fóònù sí i létí?"

Baba Má-Sùn gbé ife sílẹ̀. "Fóònù ń dún, ìyàwó wa. Iṣẹ́ ló ń pè é. Ìwọ wà lẹ́yìnkùlé, ò ń sáṣọ. Ṣé kí n sọ fún wọn pé ọmọ mi ń sùn lójúmọmọ bí ológbò?"

"Ẹ̀n, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Ọkùnrin ni ẹni tí iṣẹ́ ń pè. Wò ó, èmi tó o ń wò yìí, ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kìíní, mo wa lọ́rì. Ọjọ́ kejì, mo wà á. Ọjọ́ kẹta, mò ń kọrin, mò ń fi ata tutù pa ojú, mò ń wà á."

"Ọjọ́ kẹrin ńkọ́, Bàbá?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dúró. Kódà, òòlù òdìkejì ò dún fún ìṣẹ́jú kan, ó jọ pé ìṣó tán lọ́wọ́ wọn.

Baba Má-Sùn fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ lórí ṣòkòtò, níbi tí ẹsẹ̀ igi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn nìkan kọ́ ni ọjọ́ kẹrin gbà. Nínú ilé yìí, wọn kì í sọ iye èèyàn tó wà lẹ́yìn lọ́rì. Ìyàwó mọ iye wọn. Baba mọ orúkọ wọn.

"Tíì yìí ti tutù," Baba ní.

"Ẹ gbé e wá kí n gbé e kaná," ìyàwó ní. Kò dìde, Baba náà ò gbé e.

Ẹyẹ ti ń jẹ èèpo ẹyin.

Ìgbà tí ìyàwó ń fi ìka gbọ́n ọn jáde lẹ́nu ẹ̀ bí ẹni ń fọ ẹnu ọmọ ọwọ́, ni Ìyá Agbẹ̀bí ará yàrá kejì wọlé, kò kanlẹ̀kùn, kì í kàn án. Báàgì ńlá kan wà lọ́wọ́ ẹ̀, báàgì kékeré wà lórí ẹ̀, ó wọ bàtà tuntun tó ń dún kọ́kọ́kọ́.

"Ẹ wò mí dáadáa," ó ní. "Ṣé mo jọ ìyá ọlọ́mọ?"

Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló bímọ níjẹta, lọ́nà jíjìn. Ilé gbogbo ti gbọ́, títí dórí adìyẹ.

"Ẹ jọ ọ́, Ìyá," ìyàwó ní, ó fọwọ́ nu èèpo ẹyin mọ́ aṣọ. "Ìgbà wo lẹ ń lọ?"

"Ní báyìí. Bàálù aago mẹ́ta ni, àmọ́ ẹni tí kò wọ̀ ọ́ rí kì í pẹ́ dé ibẹ̀." Ó tẹ orí sọ́dọ̀ Ẹyẹ. "Àwọn èèyàn ní ìwọ náà ni wọ́n sábà máa ń gbé e fún. Àbí ìwọ ni tòní?"

Ẹyẹ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín dáadáa, ẹ̀rín tí wọ́n kọ́ wọn. "Ó pé."

"Háà. Ọkàn mi wá balẹ̀ tán." Ó jókòó sórí apá àga. "Mo ti ń gbàdúrà fún àjèjì tó fẹ́ wà mí láti ìjẹta. Àṣé ọmọ ilé mi ni. Mo máa pe ọmọ mi kí n sọ fún un pé kò sí wàhálà, ẹni tó ń yá mi ní súgà ló ń gbé mi bọ̀."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ó wá tẹjú mọ́ Ẹyẹ díẹ̀, ojú agbẹ̀bí, ojú tó máa ń wo àwọ̀ ètè kó tó gbọ́ ohun tí ètè ń sọ.

"Ojú ẹ pọ́n o."

"Eruku páànù ni," Baba Má-Sùn ní.

"Ẹ̀n ẹ̀n. Káfíńtà wọ̀nyí. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó bá gba ọmọ mọ́jú, wọn kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan aláboyún láàárọ̀. Mátírọ́ọ̀nù wa á lé ẹ sílé. Ó ní ọwọ́ tí kò bá sùn, kò mọ̀ bóyá orí ọmọ lòun dì mú tàbí ẹsẹ̀. Ẹ̀yin náà á ní irú òfin yẹn, àbí?"

"A ní in," Ẹyẹ ní. "Wákàtí méjìlá."

"Ẹ rí i? Nǹkan gidi."

Ó dìde, ó fún ìyàwó ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀, ó ní kó máa da omi fún adìyẹ. Ìyàwó gba kọ́kọ́rọ́. Ó tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó dì í lápá mú.

"Ìyá, ẹ má…"

"Má kí ni?"

Ìyàwó wo ẹ̀yìn. Ẹyẹ ń wò ó. Tó bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ á dé títì kó tó di aago kan. Tó bá di aago méjì, ó ti dé ọ́fíìsì.

"Ẹ má gbàgbé agboòrùn," ó ní.

Ìyá Agbẹ̀bí lọ. Bàtà ẹ̀ ń dún títí tó fi wọ títì. Ìyàwó padà sídìí ẹ̀rọ, ó rán kọ́là kan mọ́ ibi tó yẹ kí ọwọ́ wà, ó tú u, ó tún un rán síbẹ̀.

"Tójú bá ń ṣepin, ojú la máa ń fi hàn," ó ní, kò sọ ẹni tó ń bá wí. "Èmi ò fi hàn án. Ẹnu mi náà ti di ara ẹnu tó ń ní ó pé."

Nígbà tó di aago méjìlá ààbọ̀, Ẹyẹ lọ múra. Ó jáde pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí bọ́tìnnì ẹ̀ ti fo ihò kan, ọrùn apá kan ga ju èkejì. Ìyàwó dìde, kò wí nǹkan, ó tú bọ́tìnnì náà láti òkè délẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un de. Ó de é díẹ̀díẹ̀. Bí èèyàn bá ń wò ó, á rò pé tí òun ò bá de é tán, aago kan ò ní lù. Orí Ẹyẹ rọra wá, ó bà lé èjìká ẹ̀. Bó ṣe dúró ló sùn.

Aago kan lù. Mọ́tò fọn fèrè.

Awakọ̀ mọ́tò ilé-iṣẹ́ yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ọmọkùnrin tínínrín tó di ìwé kan mú. "Ẹ káàsán o. Ọ̀gá, a ti pẹ́."

Ẹyẹ ta jí, ó gbé fìlà sórí. Ó gbé rìmóòtù tẹlifísàn, ó tì í bọ àpò, ó fi fóònù sílẹ̀. Ìyàwó bọ́ síwájú ilẹ̀kùn.

"O ò lọ."

"Yẹra jọ̀ọ́."

"O fi fóònù sílẹ̀, o mú rìmóòtù. Ta lo fẹ́ pè? Tẹlifísàn?"

"Tí mo bá ti jókòó síbẹ̀, tí mo rí àwọn iná wọ̀nyẹn, ojú mi máa là. Ó máa ń là."

"Ìgbà wo ni kì í là?"

Awakọ̀ tínínrín wo bàtà ara ẹ̀.

"Ó dáa," ìyàwó ní. Omi ti kún ojú ẹ̀ àmọ́ kò jẹ́ kó já. "Sọ ohun kan ṣoṣo fún mi, mo máa yẹra. Òní, ọjọ́ wo ni?"

"Gbogbo yín lẹ ò gbà mí gbọ́ látàárọ̀," Ẹyẹ ní. "Túsìdeè."

Òòlù ń dún lórí páànù.

Baba Má-Sùn fọwọ́ ti àga, ó dìde. Ó ń fi ọ̀pá àti igi rìn, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, títí tó fi dé ìdí ògiri. Ó wo kàlẹ́ńdà. Ó wo ọmọ ẹ̀ tí orí ń mì lọ́rùn bíi ti ìkókó tí ìyá ẹ̀ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àmọ́ èyí, àgbà náà ló ti wọ́ ọ láàárọ̀. Ó yọ kàlẹ́ńdà kúrò lára ìṣó, ó yí i dojú kọ ògiri, ó gbé e padà.

"Kàlẹ́ńdà ọ̀fẹ́," ó ní. "Kí ló mọ̀? Ọmọ mi, o jàre. Mo ti ṣe ìṣírò ẹ̀. Mọ́ńdè, oorun kan, Túsìdeè. Túsìdeè lòní."

Ìyàwó la ẹnu. Baba na ọ̀pá sí i díẹ̀, kó dákẹ́.

Ojú Ẹyẹ tàn fún ìgbà àkọ́kọ́ látàárọ̀. "Mo sọ fún yín."

"O sọ fún mi. Orí kunkun ló ń dà mí láàmú. Awakọ̀, bàálù aago mẹ́ta tó o wá torí ẹ̀, ọjọ́ wo ló wà lórí ìwé ọwọ́ ẹ?"

Ọmọkùnrin tínínrín wo ìwé. "Wẹ́sìdeè, sà."

"O gbọ́ bẹ́ẹ̀, Ẹyẹ? Wẹ́sìdeè. Ọ̀la nìyẹn. Ṣé ẹni tórí ẹ̀ pé máa ń lọ síbi iṣẹ́ ọ̀la lónìí?"

Ẹyẹ rò ó. Wọ́n ń rí i bó ṣe ń rò ó, bí ẹni ń gbé àpótí gun àtẹ̀gùn. Ó gbé e dókè, ó yí i padà, kò rí ibi tó ti jò.

"Wọ́n máa ń ṣe àṣìṣe gan-an ní ọ́fíìsì yẹn," ó ní. Ó ṣí fìlà, ó jókòó láti bọ́ bàtà, ó bọ́ ọ̀kan, ó sì sùn lọ pẹ̀lú bàtà náà láyà.

Baba Má-Sùn fi ohùn kékeré bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. "Pè wọ́n. Sọ pé kò wá. Fọ́ọ̀mù àárẹ̀ tí wọ́n ní, kí wọ́n kọ ọ́. Tí wọ́n bá bi ẹ́ pé ta ló fọwọ́ sí i, sọ pé èmi ni. Má-Sùn. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an."

Awakọ̀ bọ́ síta, ó pè. Ìyàwó ń wò ó láti ojú fèrèsé bó ṣe ń mi orí, tó ń mi orí. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi padà.

"Wọ́n ti rí ẹlòmíì. Kí n lọ gbé e nílé ẹ̀. Ẹni tó balẹ̀ láago márùn-ún ni."

"Aago márùn-ún àná?" ìyàwó bi í.

"Ti ìdájí òní."

"Ó dẹ̀ gbà?"

"Wọ́n ní àwọn bi í gbogbo ìbéèrè." Ọmọkùnrin náà ká ìwé ẹ̀ sí méjì, ó tún un ká. "Wọ́n ní ó ní ó pé."

Ó lọ. Ìyàwó mú fóònù, ó pe Ìyá Agbẹ̀bí. Kò lọ. Ó tún un pè. Ohùn ẹ̀rọ kan ní kó gbìyànjú ẹ̀ tó bá yá. Kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, láàárín àwọn kọ́là. Ó ń wò ó, ó tún pè.

Baba Má-Sùn ti padà sórí àga ẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ igi síwájú. Ó gbé tíì tó ti tutù, ó mu ún tán láì mí.

Ariwo páànù ló jí Ẹyẹ. Ó dìde, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́, ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri lọ sí yàrá. Ó kan bọ́tìnnì iná pálọ̀, ó ní ó pé. Ó kan ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ó pé. Ó dé ẹnu yàrá, ó dúró, ó yí padà wo bàbá ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣàánú fún un.

"Ẹ má bínú sí ara yín, Bàbá," ó ní. "Gbogbo èèyàn ló máa ń ṣi ọjọ́ kà tí wọ́n bá ti dàgbà."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.